Síso motor oníná mọ́ ẹ́ńjìnnì tọ́bàìnì M250-C20B: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ orí férémù ìdánwò

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni pé kí motor oníná 60 kW àti ẹ́ńjìnnì tọ́bàìnì M250-C20B jọ máa yí ṣáàfù kan náà. Bí a bá fẹ́, motor á fi agbára kún ti ẹ́ńjìnnì. Bí a bá sì fẹ́, á gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, á fi ṣájì bátìrì. M250-C20B yìí ló ń gbé hẹlikọ́pítà Bell 206B. 420 agbára ẹṣin ni, ìyẹn 313 kW, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 72 kg. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti rìn ní ọ̀nà yìí: Rolls-Royce kéde ní 2019 pé àwọn ti fi M250 ṣe ìdánwò irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀. GE náà ti fa 250 kW lára ṣáàfù tó ń sáré jù nínú ẹ́ńjìnnì F110, wọ́n sì fa 750 kW lára ṣáàfù kejì.

Kí a tó fọwọ́ kan bóòtù kankan, ó yẹ kí ohun tí a ń wá yé wa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bátìrì 20 kWh tí a lò wọn nǹkan bí 125 kg tòun ti àpótí rẹ̀. C20B ń jó nǹkan bí 0.4 kg epo fún kWh kọ̀ọ̀kan tó bá dé orí ṣáàfù. Iṣẹ́ tí gbogbo bátìrì yẹn lè ṣe, epo 8 kg ló máa ṣe é, ìyẹn bíi lítà mẹ́wàá. Ẹni tó bá ní kí bátìrì rọ́pò epo nínú ọkọ̀ òfuurufú ti pàdánù kó tó gbéra. Èrè ibẹ̀ wà níbòmíràn: agbára àfikún fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà ìgbéra, ìgbóná tọ́bàìnì tó dín kù ní àsìkò tó máa ń gbóná jù, àti ohun tí awakọ̀ lè gbára lé bí ẹ́ńjìnnì bá rẹ̀wẹ̀sì lójijì.

Ibi tí motor máa jókòó sí

Ṣáàfù méjì tí kò so mọ́ra ló wà nínú C20B. N1 ni ti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (ẹ̀yà tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) àti tọ́bàìnì tó ń yí i. Ó ń yí nǹkan bí 51,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan bó bá dé 100%. N2 ni ti tọ́bàìnì agbára. 33,290 ni 100% tirẹ̀, gíà á sì rọ̀ ọ́ sí 6,016 kó tó jáde síta. Afẹ́fẹ́ gbígbóná nìkan ló so N1 pọ̀ mọ́ N2. Nítorí èyí, motor tó bá jókòó sórí N2 kò lè sítáàtì ẹ́ńjìnnì bó ti wù kó lágbára tó. Sítátà 28 fóltì tó wà lórí gíà N1 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ digbí.

Gíábọ́ọ̀sì C20B ní ẹnu ìjáde agbára méjì lórí ṣáàfù kan náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. A gbé dáìnámómítà olómi (ẹ̀rọ tó ń fi omi gbé ẹrù lé ẹ́ńjìnnì, tó sì ń wọn agbára rẹ̀) sí ti iwájú, motor sí ti ẹ̀yìn. Ìtò yìí dára ju kí a to motor àti dáìnámómítà léra níwájú lọ, nítorí agbára motor ń gba inú ṣáàfù ìjáde kọjá tààrà lọ síwájú, kò kan eyín gíà kankan. Ṣùgbọ́n ó mú ohun kan wá tí a gbọ́dọ̀ mọ̀. Mítà agbára ìlọ́ tí ẹ́ńjìnnì yìí bá wá láti ilé iṣẹ́ ń fi ọ́ìlì wọn bí gíà tí eyín rẹ̀ dàgẹ̀ẹ́rẹ́ ṣe ń ti ara rẹ̀ síwájú láàrin tọ́bàìnì agbára àti ṣáàfù ìjáde. Kò rí agbára tí motor gbé wọlé. Bí mítà bá ní ẹ́ńjìnnì ń gbé 250 kW, tí motor sì ń fi 60 kún un, 310 kW ló wà ní ẹnu iwájú, mítà kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ̀n tó wà lára dáìnámómítà nìkan ni ká gbà gbọ́ fún àròpọ̀. A fi òpin sí i ní 313 kW, èyí tó jẹ́ 497 Nm ní 6,016. Bí motor bá ń ṣájì bátìrì, ọ̀rọ̀ yí padà: gbogbo ẹrù, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, orí eyín gíà ló wà. Nígbà náà, bí motor bá gba 60, dáìnámómítà kò gbọ́dọ̀ gbà ju 253 lọ.

Motor náà jẹ́ olóòfà pẹlẹbẹ, ó ní òòfà méjì-méjì lọ́nà mẹ́wàá. 60 kW ní 6,016 jẹ́ 95 Nm. Ṣáàfù kékeré tó so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì ní eyín lórí méjèèjì, a sì gé ọrùn rẹ̀ sí 14 mm. Irin tí agbára ìgé rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 600 MPa yóò já níbẹ̀ ní nǹkan bí 320 Nm. Ọrùn yìí ni ààbò: bí wáyà motor bá pàdé ara wọn nínú inverter (àpótí tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí motor ń lò), agbára ìlọ́ tó máa bẹ́ jáde lójijì lè ju ti iṣẹ́ lọ ní ìlọ́po. Ká ra ṣáàfù kékeré mìíràn sàn ju ká tú gíábọ́ọ̀sì lọ. Lẹ́yìn tí a bá ti di bóòtù férémù, a fi gééjì olójú bí aago wo bí ojú motor ṣe bá ẹnu gíábọ́ọ̀sì mu; a kò gbà ju 0.05 mm lọ yíká. Ẹsẹ̀ motor tí kò bá jókòó dáadáa ni a fi ìbòrí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀. A kò fi bóòtù fà á wálẹ̀ tipátipá, torí bí férémù bá gbóná tán, ó máa padà sí ipò rẹ̀, eyín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn.

Ọrùn tín-ín-rín yẹn ní wàhálà tirẹ̀. Bí rọ́tọ̀ motor, apá rẹ̀ tó ń yí, bá jẹ́ 0.04 kg·m² (ìwọ̀n bí ohun tó ń yí ṣe ń kọ̀ láti yí eré padà), tí ṣáàfù kékeré náà sì le tó nǹkan bí 6,000 Nm fún rádíánì kan, àwọn méjèèjì á máa gbọ̀n síwá-sẹ́yìn ní nǹkan bí 62 Hz. Ṣáàfù ìjáde ń kọjá 62 Hz nígbà tó bá wà ní nǹkan bí 3,700, ìyẹn 62% N2. Ẹ má ṣe jẹ́ kí N2 dúró láàrin 55% sí 70%. Ẹ jẹ́ kí ẹrù dáìnámómítà fúyẹ́ títí N2 á fi kọjá 80%. Inverter náà lè dá gbígbọ̀n yìí sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí àṣẹ agbára ìlọ́ bá ń mì ní ìwọ̀n yẹn, nítorí náà a fi àsẹ́ kan sínú sọ́fíwíà tó ń pa ohunkóhun tó wà ní àyíká 62 Hz kó tó dé motor.

Ẹ̀gbẹ́ iná

Sẹ́ẹ̀lì 108 tí a tò tẹ̀léra, 50 Ah kọ̀ọ̀kan. Bó bá kún, 453 V. Lójoojúmọ́, 400 V. Bí sẹ́ẹ̀lì bá gbẹ dé 3.0 V, 324 V. Ìṣàn iná nígbà iṣẹ́ kíkún jẹ́ nǹkan bí 160 A, fíúsì 250 A sì ni a fi sí i.

Kí ẹ ṣọ́ra níbi 324 V yẹn gan-an. Motor olóòfà kì í sinmi: bí ṣáàfù bá ti ń yí, iná ń jáde lára rẹ̀, yálà inverter wà láàyè tàbí kò sí. Tiwa ń mú 0.06 V jáde fún ìyípo kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú, tí a bá wọn téńté rẹ̀ láàrin wáyà méjì. Ní 6,016, ìyẹn jẹ́ 361 V. Ní 105%, 379 V. Bí bátìrì bá ti gbẹ dé 324 V, tí inverter sì kú, iná yóò gba inú díódù (ẹ̀yà inverter tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) wọ bátìrì láìgba àṣẹ, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbé ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò lè mú kúrò àfi kó pa ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyí tí a kì í fi í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lọ sísàlẹ̀ 3.5 V, tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 378 V. Ẹni tó bá fẹ́ lo bátìrì dé ìsàlẹ̀ pátápátá gbọ́dọ̀ yan motor tí iná rẹ̀ kéré sí i, kó sì gbà pé ìṣàn áḿpù máa pọ̀ sí i fún agbára kan náà.

Motor tó ní òòfà méjì-méjì lọ́nà mẹ́wàá, ní 6,016, ń béèrè iná tó ń yí ní nǹkan bí 1,000 Hz. Inverter tó ń tan tó ń kú ní 8 kHz á fi ìgbésẹ̀ mẹ́jọ péré ya ìgbì iná kan. Ìṣàn á rí wúruwùru, òòfà á sì gbóná. A lo èyí tí a fi sílíkọ́nì kábáídì ṣe, ní 20 kHz, kó lè rí ìgbésẹ̀ ogún.

Kápásítọ̀ inú inverter, tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀, jẹ́ 500 µF. Bí a bá so bátìrì mọ́ ọn tààrà, ìṣàn àkọ́kọ́ á lẹ ẹnu ìyípadà iná ńlá (swíìṣì tó so bátìrì mọ́ inverter) pọ̀, kò sì ní ṣí mọ́. A gba inú rẹ́sísítọ̀ 100 Ω kọ́kọ́ kún un. Ní ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan ó ti kún tán, ìyípadà ńlá á sì so pọ̀ láìsí ìtapàrà. Bí fóltì kò bá dé 95% ti bátìrì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ètò náà gbọ́dọ̀ kọ̀ láti tẹ̀síwájú: ó túmọ̀ sí pé nǹkan kan ń jẹ iná níbi tí kò yẹ.

Ọ̀rọ̀ kan nípa òkè. Nínú afẹ́fẹ́, iná tó bá kéré sí nǹkan bí 327 V kò lè fò láti irin kan sí èkejì, bó ti wù kí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ tó. 270 V tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ń lò wà lábẹ́ ààlà yẹn. 400 V tiwa ti kọjá rẹ̀. Lórí ilẹ̀ kò ní hàn, ṣùgbọ́n ní òkè tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, iná lè máa jẹ ìbòrí wáyà díẹ̀díẹ̀ láìsí ariwo. Kò sì sí bí àwọn tó ń wá mẹ́gáwáàtì ṣe lè dúró sí 270 V: 1 MW ní 270 V á béèrè nǹkan bí 3,700 A, ní 3,000 V nǹkan bí 333 A péré. 3,000 V ni wọ́n yàn fún E-Fan X, ọkọ̀ ìdánwò tí Airbus àti Rolls-Royce pa tì ní oṣù kẹrin 2020 kó tó fò.

Ta ló ni ṣáàfù?

Ọba kì í pé méjì láàfin. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń yọrí tàbí kó bàjẹ́ nìyí, ju ibi irin àti wáyà lọ.

Gọ́fánọ̀ epo C20B ń ṣọ́ N2 kó má kúrò ní ibi tí a fi sí. Bí a bá sọ fún inverter pé kí òun náà di 6,016 mú, gọ́fánọ̀ á rí i pé ṣáàfù sáré ju bó ṣe fẹ́ lọ díẹ̀, á dín epo kù. Motor á rí i pé ṣáàfù fẹ́ rọ̀, á ti i sókè. Gọ́fánọ̀ á tún dín epo kù. Láìpẹ́ N1 á ti já sílẹ̀, motor á ti máa gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, bátìrì á máa gbẹ láìsí ẹni tó pàṣẹ. Nítorí náà, agbára ìlọ́ nìkan ni inverter ń gbà láṣẹ, kò gba ìyára. Ẹ́ńjìnnì ló ni ìyára. Àṣẹ agbára ìlọ́ ń gòkè tàbí sọ̀ ní 40 Nm ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó lè gba bíi 2.4 ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé 95, kí gọ́fánọ̀ lè bá a rìn.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí inverter bá kú kì í ṣe ìgbà tí a yàn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń yí lórí férémù, tí a bá kà á sí ẹnu ṣáàfù ìjáde, jẹ́ nǹkan bí 0.6 kg·m². Bí motor bá ń gba 60 kW lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì tí inverter sì kú lójijì, 95 Nm tí kò ní ibi tí yóò lọ á máa ti ṣáàfù sókè ní 158 rádíánì fún ìṣẹ́jú àáyá lórí ìṣẹ́jú àáyá. Ìyẹn ni 25% N2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni yóò gbà kó tó dé 105%. Gọ́fánọ̀ onírin kò lè bá eré yẹn.

Ohun mẹ́ta la fi dí i. Àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ irin wíwúwo 1.2 kg·m² sí ẹ̀gbẹ́ dáìnámómítà, tó sọ àròpọ̀ di 1.8, tó sì mú 25% wálẹ̀ sí nǹkan bí 8.4% ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí hẹlikọ́pítà, abẹ̀bẹ̀ òkè ló ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí férémù, a gbọ́dọ̀ fi irin rà á. Ó dùn mọ́ni pé kẹ̀kẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí 62 Hz padà. Èkejì, wáyà kan tó lọ tààrà láti inverter sí fáàfù dáìnámómítà, láìgba inú kọ̀ǹpútà: bí inverter bá ti kú, fáàfù á ṣí, omi á wọlé, ẹrù á pọ̀. Ẹ̀kẹta, àpótí ìṣọ́yára tó dá dúró, tó ní sensor tirẹ̀ (ohun tó ń ka eré ṣáàfù) àti iná tirẹ̀, tó ń pa epo ní 108%. Ẹ má ṣe jẹ́ kó yá sensor lò lọ́wọ́ ètò motor.

Òdìkejì rẹ̀ náà léwu, bí kò tilẹ̀ pariwo. Motor ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, gọ́fánọ̀ ti dín epo kù, N1 ti sọ̀kalẹ̀; motor wá kú. N2 bẹ̀rẹ̀ sí í já, gọ́fánọ̀ ṣí epo, ṣùgbọ́n N1 nílò àkókò kó tó gòkè. Epo tó pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ ló wà nínú iná nígbà yẹn: ìgbóná tọ́bàìnì á fò sókè, bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá sì ti wà nítòsí ààlà rẹ̀, afẹ́fẹ́ á yí padà sẹ́yìn pẹ̀lú ariwo bí ìbọn. Nítorí náà a kì í jẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ motor fa N1 sísàlẹ̀ 85%. Ètò tó ń ṣọ́ bátìrì kò sì gbọ́dọ̀ já iná lójijì nítorí pé sẹ́ẹ̀lì kan dé ìsàlẹ̀: ó gbọ́dọ̀ kìlọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ṣáájú, kí motor lè rọra tú ẹrù sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì.

Òfin kan tún wà tí a kọ sínú wáyà, kì í ṣe sínú sọ́fíwíà nìkan: bí N1 bá wà lábẹ́ 59%, motor kò gbọ́dọ̀ fúnni ní agbára ìlọ́ kankan. Gíà N1 ló ń yí póńpù ọ́ìlì C20B. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú tí motor sì ń bá a lọ láti yí N2, tọ́bàìnì agbára á máa sáré ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyípo lórí bearing (ibi tí ṣáàfù jókòó lé tó fi ń yí) tí kò rí ọ́ìlì. Ojú ò ní rí i, etí ò ní gbọ́ ọ títí yóò fi bàjẹ́. A fi swíìṣì kan tó ń ṣọ́ ọ́ìlì ti òfin náà lẹ́yìn.

Ìgbóná, ariwo iná, àti bearing

60 kW ní 95% túmọ̀ sí nǹkan bí 3.2 kW ìgbóná nínú motor, àti bíi 1.2 kW nínú inverter. Omi àti gíláíkọ́ọ̀lù ìdajì-ìdajì, lítà 8 ní ìṣẹ́jú kan, á fi nǹkan bí 9 °C gbóná láti ẹnu ọ̀nà dé ìjáde. Inverter ló ń kọ́kọ́ gba omi, motor tẹ̀lé e, torí inverter ni kò fara da ooru. C20B ń tú èéfín rẹ̀ sókè láti àárín, kò jìnnà sí gíábọ́ọ̀sì. Páànù irin aláìdípatà 0.5 mm pẹ̀lú àlàfo 15 mm ni a fi ya motor sọ́tọ̀. Ìgbà tí ó máa ń gbóná jù kì í ṣe ìgbà iṣẹ́: lẹ́yìn tí a bá pa ẹ́ńjìnnì ni ooru inú irin máa ń rin wá síta, tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí póńpù omi máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Òòfà tó bá gbóná kọjá ìwọ̀n ń pàdánù agbára rẹ̀ títí láé.

Ìgbóná tọ́bàìnì, TOT, ń wá láti ara wáyà tó ń mú nǹkan bí 30.7 mV jáde ní 738 °C, tí í ṣe òpin iṣẹ́ pípẹ́. Ariwo iná 1 mV láti ara inverter á yí i padà ní bíi 24 °C. Bí ẹ bá rí TOT tó ń jó sókè sódò ní kété tí inverter bá tàn, tí N1 àti epo kò sì yí padà, ariwo inú wáyà ni, kì í ṣe ìgbóná. A gbé wáyà sensor jìnnà sí okùn iná ńlá ní 300 mm ó kéré tán, níbi tí wọ́n bá ti gbọ́dọ̀ ré ara wọn kọjá, kí wọ́n ré ní igun ìwọ̀n 90. Ìbòrí okùn ńlá ni a so mọ́lẹ̀ ní orí méjèèjì.

Iná inverter tó ń tan tó ń kú kíákíá tún ń wá ọ̀nà láti gba ṣáàfù dé ilẹ̀, ọ̀nà náà sì máa ń gba inú bearing. A fi bearing oníbọ́ọ̀lù sẹ̀rámíìkì sínú motor, a fi òrùka onírun kábọ́ọ̀nù so ṣáàfù mọ́lẹ̀, a sì fi ìbòrí tí iná kò lè gbà sí ojú ìsopọ̀ ṣáàfù kékeré, kí bearing gíábọ́ọ̀sì má bàa san gbèsè tí kò jẹ. Pulọ́ọ̀gì olóòfà méjì tó wà nínú ọ̀nà ọ́ìlì C20B ló ń sọ òtítọ́ níbí. A ń yọ wọ́n lẹ́yìn gbogbo ìdánwò. Ẹ̀tù eérú tó rọ̀ bí ìyẹ̀fun, tó tàn kálẹ̀ lórí òòfà, tí kò ní igun nígbà tí a bá fi ìka méjì fọ́ ọ, wíwọ́ lásán ni, ẹ nù ún kúrò kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá pọ̀ ju ti àná lọ pẹ̀lú inverter tó ń ṣiṣẹ́, ẹ wo òrùka kábọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ègé tó ń dán, tó ní etí mímú tàbí tó rí bí ìpẹ́ ẹja, ó ti kúrò lára bearing tàbí gíà: ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ yí mọ́ títí a ó fi mọ ibi tó ti wá.

Bí a ṣe ń sítáàtì

Inverter kò tíì tàn. Sítátà yí N1. Nígbà tó bá dé 15% lójú ọjọ́ tó ju 7 °C lọ, a ṣí epo. TOT lè kọjá 810 °C fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 927 °C. Bó bá ń sáré lọ síbẹ̀, a pa epo, a fi sítátà fẹ́ ooru jáde. Ní 58% N1, a tú sítátà sílẹ̀. A dúró kí ọ́ìlì gbóná, a gbé N2 kọjá 55–70% láìdúró, dé 100%. Ìgbà yẹn la kún kápásítọ̀, so ìyípadà ńlá pọ̀, tan inverter pẹ̀lú àṣẹ òdo, a sì wo TOT àti N1 fún ariwo. Motor kọ́kọ́ fún 10 Nm, lẹ́yìn náà 30, 60, 95. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan a ń mọ̀ọ́mọ̀ pa inverter lójijì, ní ìrànlọ́wọ́ àti ní ìṣájì, a sì ń ka bí N2 ṣe gòkè tàbí já. Bí ó bá yára ju ìṣírò lọ, fáàfù dáìnámómítà ni a máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Níparí, ìṣẹ́jú méjì ní ìyára ìsinmi kí a tó pa epo. Inverter ti kú kí N1 tó sọ̀ sísàlẹ̀ 59%. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá tutù, a fi 1,000 V wọn bí ìbòrí okùn ṣe ń dí iná, a fi iye náà wé ti ìdánwò ìṣáájú, a yọ ṣáàfù kékeré, a sì fi gíláàsì ìsọdińlá wo ọrùn 14 mm náà fún ìlà tín-ín-rín tó bá lọ ní ìdábùú ìwọ̀n 45.